Eegun Tó Ń Hù Lórúnkún Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ kan ni mò ń rán, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni orúnkún ọ̀tún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo dá ẹsẹ̀ dúró, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún náà. Ohun kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe oówo, nítorí oówo máa ń gbóná, ó sì máa ń rọ̀ bó bá yá. Èyí le bí eyín. Mo tẹ ti òsì wò, bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo padà sí tọ̀tún, ó ṣì wà níbi tó wà.

Agbowó ni a ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún fọ́fọ́. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa mẹ́ta wà nínú yàrá méjì. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní Sẹkitéríàtì, èmi sì ń ránṣọ níwájú ilé. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa tò sórí ìlà, ní ibùdókọ̀, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì. Orí ìlà bẹ́ẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ni orúnkún mi ti kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, tí mo ní láti di èjìká obìnrin tó wà níwájú mi mú. Ṣùgbọ́n ìrora lásán nìyẹn. Mo ti mọ ìrora tẹ́lẹ̀, kì í sì í bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń hù ni ó bà mí lẹ́rù.

Mo ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ó tó ọdún méje ṣáájú àkókò náà tí bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ forí sọ ìdí lọ́rì kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà, kí a tó dé Moniya. N kò ní í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Àwa tí a jáde láàyè kò tó ìka ọwọ́ kan. Wọ́n gbé èmi àti obìnrin tó jókòó tì mí lọ sí ọsibítù kékeré kan lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún, ti obìnrin náà sì fọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Kò lè gbé orí sókè, nítorí náà ó máa ń bi mí bóyá mo rí àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń dá a lóhùn pé mo rí wọn, pé wọ́n pé márùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní àfi kí wọ́n gé e. Òwúrọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé, aṣọ ìbora tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà tó fi kú. Dókítà ṣàlàyé fún ọkọ mi pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀, pé gígé kọ́ ló pa á. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Èmi kò gbà. Mo ní kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀, mo sì sunkún títí wọ́n fi gbé mi.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lẹ́yìn Moniya ni wọ́n gbé mi lọ. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fọwọ́ wá ibi tí eegun ti ṣẹ́, ó fà á, ó tò ó, ó fi oparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ dì í. Lẹ́yìn náà ló mú adìyẹ kan, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí tèmi ti ṣẹ́ gan-an. Òrí tó fi pa mí ló fi pa á, bó ṣe di tèmi ló ṣe di tirẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ẹní mi. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tó sì rìn ni wọ́n máa tú oparun ẹsẹ̀ ènìyàn.

Adìyẹ tèmi pupa, ó sì ní ìyẹ́ funfun méjì nídìí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mò ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí mo jí, adìyẹ ìsàlẹ̀ ẹní ti ń rìn. Pupa ni òun náà, ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ́ funfun kan lára rẹ̀. Ìyàwó bàbá náà ní kí n yọ̀, adìyẹ mi ti rìn. Mo yọ̀. Ilé ni mo fẹ́ lọ, ọmọ mi tó kéré jù kò tíì pé ọdún méjì. Mo jẹ́ kí wọ́n tú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé adìyẹ tèmi kò rìn, pé ó ṣeé ṣe kó ti kú, pé adìyẹ tí wọ́n rà lọ́jà ni wọ́n fi tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ohun líle yẹn yọ lórúnkún mi, mo rò pé mo mọ ohun tó jẹ́. Ẹsẹ̀ tí a tú kó tó tó àkókò ló ń bá mi ṣe ẹjọ́. Eegun inú rẹ̀ kò gbà pé òun ti jinná, ó wá ń wá ọ̀nà jáde. Bí dókítà bá sì rí i, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé dókítà ń ṣe sí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ ni yóò ṣe. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo ka ìwé mọ́dà parí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn bíi tèmi máa ro ọ̀rọ̀ adìyẹ. Mo ń rò ó ṣáá ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn orúnkún náà. Tépù kì í kúrò lọ́rùn télọ̀, kò ṣòro. Gbogbo Sátidé, bí mo bá ti wẹ̀ tán, mo máa ń fi tépù yí i ká, mo máa ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, sójú ewé kan tí kò lórúkọ. Nígbà tó yá, Sátidé nìkan kò tó mi mọ́. Mo ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ń wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń ti ọwọ́ yí i ká, títí ara ibẹ̀ fi máa ń wú, tí tépù á sì sọ pé ó ti tóbi sí i, tí ẹ̀rù mi á sì tún pọ̀ sí i. Ọjọ́ kan ni oníbàárà mi kan, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ń wá ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ìwé náà, ó sì ṣí ojú ewé yẹn.

Ó ní, "Àǹtí, ta ló ń rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ń dán kálàmù wò ni. Nígbà tó lọ, mo fa ojú ewé náà ya, mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í rí i, títí kan ọkọ mi. Ìró mi gùn, mo ń so ó sí ìsàlẹ̀. Mo ń fọ aṣọ lórí àpótí gíga. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ènìyàn bá kúnlẹ̀, èmi á tẹ orí ba lórí bẹ́ńṣì iwájú, wọn á rò pé àdúrà ló wọ̀ mí lára. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ títí di ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ bí a ṣe ń kí ìyá ọkọ láàárọ̀. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," mo sì sọ fún wọn pé epo wà lórí iná. Lọ́jọ́ kejì, omi ni mo sọ pé ó fẹ́ hó dànù. Lọ́jọ́ kẹta, n kò rí nǹkan sọ mọ́, mo kàn bẹ̀rẹ̀ ni mo sì lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ń fọ ẹnu níwájú ilé nígbà tí mo ń kọjá, wọ́n sì tu omi ẹnu wọn dànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "ṣé símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ orúnkún rẹ ní Ìbàdàn níbí ni?"

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á sọ fún ìyàwó aládùúgbò wa, sókè kí n lè gbọ́, pé ìyàwó àwọn ti ga ju ilé lọ, kí wọ́n bá àwọn wá àkàbà tí àwọn yóò fi máa dáhùn kíkí rẹ̀. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi bóyá orí ìdúró ni ìyá wọn ti ń gbàdúrà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ti fẹ́ràn mi rí. Nígbà tí mo wà lẹ́yìn Moniya, àwọn ló tọ́jú ọmọ mi.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ti sọ pé orúnkún ń dùn mí, wọn á ní kí n jẹ́ kí àwọn rí i. Bí wọ́n bá sì rí i, ọ̀la ni a ó wà ní ọsibítù. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì yàn án pé kí wọ́n máa pè mí ní aláfojúdi. Aláfojúdi ní ẹsẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ ìjà, ó sì ti ń fi àwàdà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan ó wọlé bá mi ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ti di ẹrù wọn, wọ́n ní bí ìsìn bá ti parí kí òun mú àwọn lọ sí gáréèjì.

"Kúnlẹ̀ fún wọn," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. N kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ, n kò sì béèrè. Ṣáà kúnlẹ̀ kí wọ́n má lọ."

Mo dúró síbẹ̀, mò ń ká tépù mọ́ ìka mi, mò ń tú u. N kò lè jẹ́ kí ìyá yìí lọ bẹ́ẹ̀. Mo jáde sí pálọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga, àpò wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mo fi orúnkún òsì kúnlẹ̀ ná. Ìyẹn rọrùn. Mo wá gbé ìwúwo ara lé ọ̀tún. Ohun kan há nínú rẹ̀ bí òkúta tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò lè lọ sísàlẹ̀, n kò lè padà sókè, mo sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ìró mi tú. Kí n tó rí i fà bò ó, ọwọ́ wọn ti wà lórí orúnkún mi.

Wọn kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí eegun náà ká lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wo bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí òjò tó dá, mà."

"O sì dákẹ́, o jẹ́ kí n máa bú ọ láti àárọ̀ dé àárọ̀."

Mo wá sọ fún wọn. Mo sọ ti obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì, ti ìka ẹsẹ̀ márùn-ún tí mò ń kà fún un, ti aṣọ ìbora tó tẹ́. Mo ní bí wọ́n bá mú mi lọ sí ọsibítù, wọn yóò gé e. N kò sọ ti adìyẹ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ mí lórúnkún síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Tò ó, a jọ ń lọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, yóò kọ́kọ́ wá bá mi sọ̀rọ̀ ná."

Lọ́jọ́ kejì ni a lọ sí ọsibítù kan lọ́nà Ring Road. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń wá ohun tí mo máa fi yẹ̀ ẹ́. Ní Mọ́kọ́lá mo sọ pé mo gbàgbé aṣọ oníbàárà kan tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ mi ní oníbàárà náà yóò wọ tàná. Nígbà tí a dé, a tò sórí ìlà, wọ́n ya fọ́tò eegun mi, a tún tò sórí ìlà mìíràn. N kò lè jókòó. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn kọjá, mo máa ń wo aṣọ ìbora rẹ̀ bóyá ó ga níbi ẹsẹ̀ méjèèjì.

Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin tí irun ti ń wọ́n lórí rẹ̀. Ó gbé fíìmù náà sójú fèrèsé, ó wò ó, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa gé e ni, sà?"

"Ká gé kí ni, mà?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó pe èmi àti ìyá ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi ìka tọ́ ibi tí eegun itan àti eegun ojúgun ti pàdé. Ó bi wá bóyá a mọ ohun funfun tó ń dán lórí eegun itan adìyẹ, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ lájẹmọ́ eegun. Ìyá ọkọ mi ní àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn ṣì ń jẹ ẹ́. Ó ní irú rẹ̀ ló wà lórí eegun ènìyàn, kí eegun má baà máa ha eegun. Ó ní ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́ lọ́jọ́sí ya dé inú oríkèé, ó sì ha ohun funfun náà lára. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ bá a jẹ ẹ́. Nígbà tí kò nípọn mọ́, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwo kékeré sí etí ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú ìdí rẹ̀ fẹ̀ kó lè dúró.

Ó ní, "Ó ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe ni. Kò kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò ní í ràn lọ sí ibòmíràn. A kì í gé ẹsẹ̀ nítorí èyí."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kò ní í lọ o, kí n má retí pé yóò pòórá. Kí n fi ẹsẹ̀ òsì máa tẹ ẹ̀rọ, tàbí kí n wá èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Kí n gbé àga mi ga. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa na ẹsẹ̀ kí iṣan itan lè le, ó kọ oògùn tí n ó máa lò lẹ́yìn oúnjẹ bó bá ń ro mí, ó sì ní kí n má kúnlẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ni ìyá ọkọ mi wí, "ẹ bá wa kọ ìyẹn sínú ìwé, kí n rí nǹkan fi hàn wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́. Ó wá bi mí pé ta ló to eegun náà nígbà tó ṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní bàbá náà mọṣẹ́, pé ó tò ó gún régé. Mo bi í bóyá wọ́n tètè tú u. Ó ní rárá, ó jinná dáadáa, pé ọjọ́ tí ó ṣẹ́ náà ni ohun tó ń ṣe mí yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà tò ó. Ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ náà fún un, kí n lè gbọ́ ohun tí yóò wí. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn lórí ìlà ti ti orí wọlé, mo sì dúpẹ́, mo jáde.

Ní ìta, ìyá ọkọ mi ní kí n mú fíìmù náà wá kí àwọn wò ó nínú oòrùn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo bá wọn yí i. Wọ́n béèrè èyí tó ń hù, mo fi hàn wọ́n, etí funfun kan tó yọ ṣóńṣó, tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gígùn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó kéré sí bó ṣe lé ọ kiri," ni wọ́n wí.

Wọn kò lọ sílé títí ọyẹ́ fi kásẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti ń kí wọn láàárọ̀, àwọn náà á sì dáhùn pé, "Káàárọ̀, oníwèé ẹ̀rí." Mo ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ, mo ń na ẹsẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ mi. Mo gbà á gbọ́, mo ń sọ fún ara mi pé mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì mi ni mo tọ́jú fíìmù náà sí. Bí orúnkún bá ti dún jù lójúmọ́ kan, mo máa ń fà á yọ, mo máa ń gbé e sójú fèrèsé, mo máa ń wo ìwo kékeré yẹn bóyá ó ti gùn sí i. Mo mọ̀ pé fọ́tò kì í dàgbà. Ìyá ọkọ mi ká mi mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fara ti ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí.

Wọ́n ní, "Ṣé ó ti bímọ ni?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Mo sì tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo wò ó láti ibẹ̀ náà.